Obìnrin Tí Ó Ń Fi Oríkì Jí Ara Rẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó

Òórùn ọṣẹ dúdú ni ó máa ń kọ́kọ́ kí ènìyàn káàbọ̀ sí ilé tí mo gbé ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́. Òórùn náà ti wọ ògiri, ó ti wọ àjà, ó ti wọ gbogbo aṣọ tí a ń sá sí àgbàlá, débi pé àwọn ọmọ kíláàsì mi a máa sọ láàárín ara wọn pé Mísì àwọn ń run bí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀ tán. Onílé wa ni ó ń ta ọṣẹ náà, òun àti kàn-ìn-kàn-ìn, ní ọjà Jankara. Ọmọ bíbí Ìsàlẹ̀ Èkó ni, obìnrin tí ó ti lọ sí Mẹ́kà tí ó sì bọ̀, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Alhája. Ó ga, ó dúdú, kì í sáré sọ̀rọ̀, bí ó bá sì ń rìn bọ̀ láti ọjà ní ìrọ̀lẹ́, àwọn tí ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà a dìde kí i láìmọ̀ pé àwọn ti dìde. Yàrá tí ó wà lẹ́yìn yàrá tirẹ̀ gan-an ni ó fi háyà fún mi. Ọdún tí ìjọba pàṣẹ pé kí gbogbo ọkọ̀ fi ọwọ́ òsì sílẹ̀ kí wọ́n sì máa gba ọwọ́ ọ̀tún ni mo kó débẹ̀.

Olùkọ́ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí nígbà náà. Aṣọ mi kì í rún. Ìwé tí mo bá kọ sí ojú pátákó, ènìyàn lè fi okùn wọ̀n ọ́n kí ó má wọ́. N kì í pẹ́ dé ibi iṣẹ́, n kì í rẹ́rìn-ín àrínjù, n kì í sì í bá ẹnikẹ́ni jókòó jẹun. Mo gbà gbọ́ pé ìwà ọmọlúàbí ni gbogbo rẹ̀. Bí mo bá rántí ọ̀dọ́mọbìnrin yẹn lónìí, ẹ̀rín rẹ̀ a pa mí, àánú rẹ̀ a sì ṣe mí lẹ́yìn ẹ̀rín náà.

Ó yẹ kí n sọ ibi tí mo ti ń bọ̀ kí ọ̀rọ̀ mi tó lè yé ẹni tí ń kà á. Ìyá mi kú nígbà tí n kò tíì mọ ọwọ́ ọ̀tún yàtọ̀ sí ọwọ́ òsì. Wọ́n fà mí lé ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin lọ́wọ́ ní ìlú kan ní Ìjẹ̀bú, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo sì dàgbà sí. Ẹni tí ó bá rí i ní ṣọ́ọ̀ṣì yóò yìn ín pé ó mọ ọmọ tọ́. Ṣùgbọ́n nínú ilé, ìyà tí mo jẹ kì í ṣe ìyà ọjọ́ kan, kì í sì í ṣe ti ọdún kan. Ìyà tí ó ń bá ènìyàn dàgbà ni, tí ó ń ga bí ènìyàn bá ṣe ń ga. Bí àwo bá fọ́ lọ́wọ́ mi, mo ní láti kúnlẹ̀, kí n gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, kí n sì di ojú, títí di ìgbà tí ó bá rántí pé mo wà níbẹ̀. Bí mo bá sunkún, ẹkún náà di ẹ̀ṣẹ̀ mìíràn. Ìyá mi ti fún mi ní oríkì nígbà tí ó bí mi, ó sì máa ń fi jí mi láràárọ̀. Láti ọjọ́ tí mo ti dé ilé ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni ó ti ka oríkì náà léèwọ̀. Ó sọ fún gbogbo ilé pé, “Ẹ má pè é bẹ́ẹ̀ mọ́. Oríkì níí sọ ọmọ di àkẹ́bàjẹ́.” Láti ìgbà náà ni mo ti fi oríkì mi pamọ́ sí abẹ́ ahọ́n, ó sì pẹ́ níbẹ̀ débi pé mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù rẹ̀.

Nígbà tí mo parí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ tí mo sì rí iṣẹ́ sí Èkó, mo rò pé mo ti bọ́. N kò mọ̀ pé mo gbé obìnrin náà wọ ọkọ̀ bọ̀. Bí mo bá ṣi ọ̀rọ̀ kan kọ sí ojú pátákó, n kò ní jẹun ní ọjọ́ náà. Bí mo bá gbàgbé ohun tí kò yẹ kí n gbàgbé, mo máa ń ti ilẹ̀kùn yàrá mi, màá kọjú sí ògiri, màá kúnlẹ̀, màá gbé ọwọ́ sókè. Èmi àgbàlagbà tí ó ń gba owó oṣù, tí kọ́kọ́rọ́ yàrá wà ní àpò ara rẹ̀! Bí ẹnìkan bá gbá fèrèsé pa lójijì, àyà mi a já títí omi yóò fi gbẹ ní ẹnu mi. Mo sì pe gbogbo èyí ní ìkóra-ẹni-níjàánu. Mo tilẹ̀ ń fi yangàn nínú ọkàn mi pé àwọn olùkọ́ yòókù kò tó bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ lọ ra kàn-ìn-kàn-ìn ní ìsọ̀ onílé wa, mo tẹ gbogbo rẹ̀ wò, mo sì mú èyí tí ó le jù lọ. Alhája wò mí, ó wo kàn-ìn-kàn-ìn náà.

“Mísì, kí lo fẹ́ fi ìyẹn fọ̀? Ṣé ìdí ìkòkò ni?”

“Ara mi ni, mà.”

“Ara tí kí ni ṣe?”

Àwọn tí ń ra ọjà rẹ́rìn-ín. Mo gba ọjà mi, mo sì lọ. Mo ṣàkíyèsí pé kò bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo rò pé ìgbéraga ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó ni.

Ara ènìyàn kì í pẹ́ tú àṣírí irú ìgbésí ayé bẹ́ẹ̀. Mo rù. Ọjọ́ kan mo ṣubú níwájú kíláàsì pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà, mo tún ṣubú. Ọ̀gá ilé-ìwé wa, obìnrin onínúure kan tí ó máa ń wé gèlè rẹ̀ pinpin, pè mí sí ọ́fíìsì rẹ̀ ó sì fún mi ní àga.

“Ọmọ mi, ara rẹ kò yá. Bí èyí bá tún ṣẹlẹ̀, màá ránṣẹ́ sí àwọn ènìyàn rẹ kí wọ́n wá mú ọ lọ sílé. Ilé ni ara ti máa ń yá.”

Rere ni ó rò sí mi. Kò sí bí ó ṣe lè mọ̀ pé ilé tí ó ń sọ ni mo sá kúrò níbẹ̀. Mo dúpẹ́, mo jáde, mo sì fi ọwọ́ ti ògiri kọ́rídọ̀ rìn títí mo fi dé òpin rẹ̀. Ó dá mi lójú pé bí mo bá padà sí ilé yẹn, n kò tún ní jáde níbẹ̀ mọ́. Mo sì pinnu pé n kò ní ṣubú mọ́. Ohun tí mo mọ̀ láti ṣe kí n má baà ṣubú ni pé kí n túbọ̀ le mọ́ ara mi. Ẹ wo ọgbọ́n orí mi!

Àkókò náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ohùn láti yàrá Alhája. Lẹ́yìn ìrun àsùbáà ni, kí adìyẹ tó bọ́ sí ìta. Pákó tí ó pín yàrá wa kò nípọn, mo sì máa ń gbọ́ gbogbo rẹ̀ kedere.

“Àjíkẹ́! Àjíkẹ́ mi! Ṣé o jí? Orúnkún ńkọ́? Pẹ̀lẹ́, á fúyẹ́. Àná le díẹ̀, àbí? O ṣe é dé ibi tí agbára rẹ mọ. Ó tó bẹ́ẹ̀. Dìde díẹ̀díẹ̀, Àjíkẹ́, ilẹ̀ ò ní sá lọ.”

N kò gbọ́ irú ohùn bẹ́ẹ̀ rí láti ìgbà tí ìyá mi ti kú. Mo máa ń jókòó sí etí ibùsùn mi, aṣọ iṣẹ́ ní ọrùn mi tí n kò tíì di bọ́tìnnì rẹ̀, màá máa gbọ́. Mo rò pé Alhája ní ọmọ-ọmọ kan tí ó ń ṣàìsàn orúnkún, tí kò lè jáde, tí wọn kò sì fẹ́ kí àdúgbò mọ̀. Kí n má purọ́, mo jowú ọmọ náà. Lẹ́yìn náà ojú ara mi tì mí pé mo ń jowú aláìsàn, mo sì ro bí mo ṣe lè san án padà. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, mo lọ ra àkàrà gbígbóná ní ìkóríta, mo fi ewé dì í, mo gbé e sí àwo tí ó dára jù tí mo ní, mo sì lọ kan ilẹ̀kùn Alhája. Obìnrin Ẹ̀gbá kan tí ó ń ránṣọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa ti jókòó sí ìdí ẹ̀rọ rẹ̀. Àwọn ayálégbé yòókù ń pọn omi.

Alhája ṣílẹ̀kùn. Mo kúnlẹ̀ díẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ó ti yẹ.

“Ẹ káàárọ̀, mà. Àkàrà ni mo rà fún Àjíkẹ́. Ṣé orúnkún rẹ̀ ti ń fúyẹ́?”

Ẹ̀rọ ìránṣọ dákẹ́.

“Yéè!” ni aránṣọ kígbe. “Mísì! Ẹ̀yin lẹ pe Alhája ní Àjíkẹ́ lójúkojú? Ẹ̀yin tí ìyá wọn bí lánàá?”

Mo wo ẹ̀yìn Alhája. Ibùsùn tí a ti tẹ́ dáadáa ni mo rí, pẹ̀lú tẹ̀sùbáà lórí ìrọ̀rí, àti ẹní ìkírun tí a ká sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. Kò sí ọmọ. Kò sí aláìsàn. Kò sí ẹnìkankan nínú yàrá náà yàtọ̀ sí òun fúnra rẹ̀.

“Àjíkẹ́ ti jí,” ni Alhája wí, ojú rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. “Òun ló dúró níwájú rẹ yìí. Gbé àkàrà rẹ̀ wá kó tó tutù.”

Gbogbo àgbàlá bú sẹ́rìn-ín. Ẹni tí ó bá mọ ilẹ̀ wa yóò mọ bí ohun tí mo ṣe ti wúwo tó: ọmọ tí ó dúró níwájú àgbà, tí ó sì fi ẹnu ara rẹ̀ pe àgbà náà ní oríkì bí ẹni ń pe ìkókó. Ṣùgbọ́n wọn kò bínú. Ẹ̀rín ni wọ́n fi ṣe. Èmi ni n kò gbọ́ ẹ̀rín náà gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rín. N kò mọ ìgbà tí orúnkún mi kan sìmẹ́ǹtì, n kò mọ ìgbà tí mo gbé àwo sílẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ọwọ́ mi méjèèjì ti wà lókè, ojú mi sì ti dì.

Ẹ̀rín náà tán lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo gbọ́ bí igbá omi kan ti ń kán tótó sí ilẹ̀.

“Ta ló ní kó o gbé ọwọ́ sókè?” Alhája béèrè jẹ́jẹ́.

Kò sí ẹni tí ó ní kí n gbé e. Ó lóṣòó, pẹ̀lú orúnkún tí ó ń dùn ún yẹn, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú ọwọ́ mi sọ̀kalẹ̀, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, bí ẹni ń ká aṣọ kúrò lórí okùn. “Kò sí ẹni tó ń bínú níbí,” ó wí. “Dìde. Wá bá Àjíkẹ́ jẹ àkàrà.”

A jẹ àkàrà náà nínú yàrá rẹ̀. Kò bi mí ní ìbéèrè kan. Tirẹ̀ ni ó sọ. Ó ní nígbà tí òun wà ní ọ̀dọ́, wọ́n fún òun fún ọkùnrin kan ní òdìkejì ọ̀sà, ọkùnrin tí kì í jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ kan kọjá láìlu òun. Ó ní òun wọ ọkọ̀ ojú omi àwọn tí ń kó ẹ̀gẹ́ bọ̀ ní Èbúté Èrò, òun sì sá padà sí ilé bàbá òun.

“Ọkùnrin náà kú lẹ́yìn náà,” ó wí. “Wọ́n sin ín. Mo gbọ́, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun. Ṣùgbọ́n bí mo bá da epo nù, n ó gbọ́ ohùn rẹ̀: ‘Ọ̀lẹ! Aláìmoore!’ Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì. Ẹnu ta ni ohùn náà ti ń jáde? Ẹnu mi ni! Òkú ti lọ sinmi, èmi wá ń bá a ṣe iṣẹ́ rẹ̀ lọ, kò sì san kọ́bọ̀ fún mi.”

Mo rẹ́rìn-ín kí n tó mọ̀ pé mo rẹ́rìn-ín. Ó wò mí títí ẹ̀rín náà fi tán.

“Ìyá mi ló máa ń fi oríkì jí mi. Nígbà tó kú, kò sẹ́ni tó pè mí bẹ́ẹ̀ mọ́. Mo wá ní, Àjíkẹ́ ò kú ṣá. Kí ló dé tá ò pè é mọ́? Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ìwọ ńkọ́? Kí ni oríkì tìrẹ?”

“N kò mọ̀ ọ́n, mà.”

Ó mọ̀ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. “Kò burú. Á dé bó bá yá.”

Mo kó ìgboyà jọ. Mo sọ ohun tí ó ń bà mí lẹ́rù jù lọ fún un, pé bí mo bá ń fi ọwọ́ ẹ̀rọ̀ mú ara mi, n ó di àkẹ́bàjẹ́, n ó di ọ̀lẹ, iṣẹ́ mi yóò sì bàjẹ́.

“Àkẹ́bàjẹ́? Ní ọjọ́ orí rẹ? Kí lo fẹ́ bàjẹ́ sí?” Ó na ọwọ́ sí abẹ́ ibùsùn, ó fa kàn-ìn-kàn-ìn tuntun kan yọ, ó fi lé mi lọ́wọ́. “Èyí tó o gbé lọ níjọ́sí, ìdọ̀tí ló ń bọ́ kúrò lára rẹ ni, àbí awọ? Rẹ èyí sómi títí á fi rọ̀. Á ṣì fọ ìdọ̀tí.” Lẹ́yìn náà ó fún mi ní àṣẹ kan, gẹ́gẹ́ bí onílé ṣe lè pàṣẹ fún ayálégbé. “Bí ẹnikẹ́ni bá kọsẹ̀ nínú ilé yìí, à ń kí i ní pẹ̀lẹ́. Bí ewúrẹ́ bá kọsẹ̀, à ń kí i ní pẹ̀lẹ́. Ìwọ nìkan ló máa ń kọsẹ̀ tó o máa ń gbé pàṣán. Láti òní lọ, bó o bá ṣe àṣìṣe kankan nínú ilé mi, o máa kí ara rẹ ní pẹ̀lẹ́. Sókè. Kí n gbọ́.”

Mo rò pé eré ni. Kì í ṣe eré. Bí mo bá da omi sílẹ̀, Alhája a gbé ohùn sókè láti inú yàrá rẹ̀: “Mísì, n ò gbọ́ nǹkankan o!” Èmi yóò wá sọ pẹ̀lẹ́ bí ẹni tí ó ń ka ìwé ẹ̀sùn ní kóòtù. Aránṣọ wa kò sì fi mí sílẹ̀.

“Ẹ wá wò ó o! Mísì ń kí Mísì! Ṣé Mísì náà dáhùn?”

“Kò tíì dáhùn,” ni mo fèsì lọ́jọ́ kan, ó sì yà mí lẹ́nu pé àwàdà jáde lẹ́nu mi. Aránṣọ náà pàtẹ́wọ́.

Àwọn òpópónà Èkó pàápàá ń kọ́ mi ní àkókò yẹn. Gbogbo ìlú ni ó ń kọ́ bí a ti ń sọdá títì lákọ̀tun. Ẹni tí ó ti ń wo ọwọ́ ọ̀tún kí ó tó sọdá láti ìgbà èwe rẹ̀ ní láti kọ́ bí yóò ti máa wo ọwọ́ òsì. Mo rí bàbá àgbàlagbà kan tí ó gbé ẹsẹ̀ sí títì, tí ó kọ ojú sí ibi tí ọkọ̀ kì í ti wá mọ́, tí àwọn èrò sì fà á padà. “Ẹ pẹ̀lẹ́ o, bàbá. Òsì lẹ máa kọ́kọ́ wò báyìí. Ó ń ṣe gbogbo wa bẹ́ẹ̀.” Kò sí ẹni tí ó bú u. Kò sí ẹni tí ó ní kí ó kúnlẹ̀. Ọrùn rẹ̀ ni ó ti mọ́ ìhà kan láti ọdún pípẹ́, gbogbo ènìyàn sì mọ̀ pé yóò gba àkókò. Mo dúró sí ẹ̀gbẹ́ títì náà pẹ́ ju bí ó ti yẹ lọ. Mo ń wò bí odindi ìlú ṣe ń ṣi ẹsẹ̀ gbé tí wọ́n sì ń bá ara wọn kẹ́dùn, ó sì ń ṣe mí bí ẹni tí a ṣí aṣọ lójú rẹ̀.

Síbẹ̀ oríkì mi kò dé. Pẹ̀lẹ́ ti ń rọrùn. Mo ti ń jẹun ní ọjọ́ tí mo bá ṣe àṣìṣe. Ara mi ti ń padà díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá ya ẹnu láti pe oríkì náà, pẹ̀lẹ́ nìkan ni ó máa ń jáde. Nígbà tí ó yá, ní òwúrọ̀ kan tí òjò rọ̀ mọ́jú, mo jí ṣáájú Alhája. Kò sí ohùn kankan nínú ilé yàtọ̀ sí omi tí ń kán láti orí páànù sínú garawa. Mo jókòó sí etí ibùsùn. N kò gbìyànjú. Mo kàn sọ ọ́. Mo pe oríkì mi, mo sì bi í pé ṣé ó jí.

Irun ara mi dìde. Kì í ṣe ohùn tí mo fi ń kọ́ ọmọ ni ó jáde lẹ́nu mi. Ohùn ìyá mi ni. N kò ní àwòrán rẹ̀ kankan. Ojú rẹ̀ ti pa rẹ́ mọ́ mi tipẹ́. Mo ti gbà pé kò sí ohun tí ó kù nípa rẹ̀ ní ayé. Ṣùgbọ́n bí ó ti máa ń fa ìparí oríkì náà, bí ó ti máa ń rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ bí ẹni ń tẹ́ ọmọ sí orí ẹní, gbogbo rẹ̀ wà ní ọ̀fun mi ní pípé. Ó ti wà níbẹ̀ ní gbogbo ọdún tí mo fi ń kúnlẹ̀. Mo fi ọwọ́ bo ẹnu mi bí ẹni tí ó ṣèèṣì wọ ilé ńlá kan tí kò mọ onílé. Láti ẹ̀yìn pákó, mo gbọ́ tí Alhája wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé, “Alihamudulilahi.”

Kò pẹ́ sí ìgbà náà ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi dé. Ọ̀gá ilé-ìwé wa kò dúró kí n tún ṣubú; nínú àánú rẹ̀, ó ti ránṣẹ́ láti ẹnu ará ìlú wa kan. Mo ti iṣẹ́ dé ní ọ̀sán, mo sì bá a ní pálọ̀ Alhája, ó jókòó gbọn-in, báàgì rẹ̀ lórí itan. Kò sanra, kò ga. Ẹnu yà mí pé kò ga.

“Wọ́n ní o ń ṣubú káàkiri,” ó wí. “Lọ palẹ̀ ẹrù rẹ mọ́. Mo ti sọ fún awakọ̀ pé a ń bọ̀.”

“Ẹ jẹ́ kí a fún wọn lómi ná,” ni Alhája wí.

Mo lọ bu omi. Mo gbé gíláàsì sórí tíréè, mo sì ń gbé e bọ̀. Bí mo ti fẹ́ tẹríba níwájú rẹ̀, gíláàsì náà yọ̀, ó sì fọ́ sí ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀. Kò pariwo. Kò nílò ariwo. Ó kàn wo ilẹ̀ ibi tí ó yẹ kí n kúnlẹ̀ sí, ó sì ń dúró. Orúnkún mi ti ń tẹ̀. Ọwọ́ mi ti ń gòkè. Mo mọ̀ pé bí ọwọ́ náà bá dé òkè, n ó palẹ̀ ẹrù mi mọ́.

“Pẹ̀lẹ́,” ni mo wí.

Wọ́n rò pé ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni mo ń kí. Mo wá fi oríkì mi kún un, sókè, ní ohùn ìyá mi, kí ẹnikẹ́ni má baà ṣì í gbọ́. “Pẹ̀lẹ́. Gíláàsì ni ó fọ́. Ìwọ kọ́ ni ó fọ́.”

Mo wá ìgbálẹ̀, mo gbá àfọ́kù náà jọ láìkánjú, mo da á nù, mo sì bu omi mìíràn wá nínú kọ́ọ̀pù. Mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un, nítorí àgbà ni.

“Ẹ jọ̀wọ́, mà. Ẹ ṣeun tí ẹ wá. Ara mi ti ń yá níbí. N kò ní bá yín lọ.”

Kò gba omi náà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó ń wo ẹnu mi. “Ta ló sọ orúkọ yẹn fún ọ?” ó béèrè. “Mo rò pé o ti gbàgbé rẹ̀.”

“Mo ti fẹ́ gbàgbé rẹ̀, mà.”

“Ẹ mu omi yín, mà,” ni Alhája wí, pẹ̀lú ọ̀wọ̀ tí kò ní àríyànjiyàn nínú. “Ọ̀nà Ìjẹ̀bú jìn. Ọmọ yìí ò lọ síbì kankan lónìí.”

Ó mu omi náà, ó dìde. Ẹnu ọ̀nà ilé wa ga ní ìpele kan tí àlejò kì í rí. Ó kọsẹ̀ níbẹ̀, ó sì fi ọwọ́ di òpó mú. Ohùn gbogbo àgbàlá, ti aránṣọ àti ti àwọn tí ń fọṣọ, jáde pa pọ̀: “Ẹ pẹ̀lẹ́ o, mà!” Ohùn mi wà nínú rẹ̀, n kò pinnu rẹ̀, ó bá ti àwọn yòókù jáde. Obìnrin náà yíjú padà. Ó wò wá kiri bí ẹni tí ń wá ẹni tí à ń kí. Lẹ́yìn náà ó tún gèlè rẹ̀ ṣe, ó sì lọ. N kò ní sọ pé mo dárí jì í ní ọjọ́ náà. Ìyẹn gba ọ̀nà tirẹ̀, ó sì gùn. Ṣùgbọ́n mo dúró ní ẹnu ọ̀nà, mo sì bi ara mi léèrè pé ìgbà wo ni ẹnìkan ti fi oríkì jí òun náà kẹ́yìn, bí ẹnìkan bá tilẹ̀ ṣe é rí.

Alhája ti lọ sí ọ̀dọ̀ Ẹlẹ́dàá rẹ̀ tipẹ́. Wọ́n ti wó ilé náà, wọ́n sì ti kọ́ àwọn ìsọ̀ onípẹ̀tẹ́ẹ̀sì sí ojú ibẹ̀. Òórùn ọṣẹ kò sí níbẹ̀ mọ́. Mo kọ́ ọmọ títí mo fi fẹ̀yìn tì, mo lọ́kọ, mo bímọ, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tí n kò fi oríkì jí. Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ìwòsàn náà dé lẹ́ẹ̀kan náà tàbí pé ó dé tán. Bí ilẹ̀kùn bá gbá lójijì, àyà mi ṣì máa ń já títí di òní. Àwọn òwúrọ̀ kan wà tí ohùn àtijọ́ yẹn á kọ́kọ́ jí kí n tó jí. Mo máa ń jẹ́ kí ó sọ tirẹ̀ tán, lẹ́yìn náà mo máa ń sọ tèmi.

N kò ní kọ oríkì mi sínú ìwé yìí. Kì í ṣe ohun tí mo ń fi pamọ́ mọ́, ohun tí mo fi ń bọ́ ọkàn ara mi láràárọ̀ ni. Mo ti dàgbà ju bí Alhája ti dàgbà nígbà tí mo gbé àkàrà lọ fún un, orúnkún mi sì ti ń ṣe bí tirẹ̀. Ìyá mi kú ní ọ̀dọ́, ohùn ọ̀dọ́ ni mo sì kọ́kọ́ gbọ́ ní òwúrọ̀ òjò yẹn. Ṣùgbọ́n ohùn mi ti gbó. Ní òwúrọ̀ òní, bí mo ti jókòó sí etí ibùsùn tí mo pe ara mi, tí mo bi ara mi bí orúnkún ti ṣe sí, ohùn arúgbó ni ó jáde, tí ó ń gbọ̀n díẹ̀, tí ó sì ń fa ìparí rẹ̀ bákan náà. Mo wá mọ̀ pé báyìí ni ìyá mi ì bá ti máa pè mí bí ó bá gbó. Mo jókòó jẹ́ẹ́, ẹ̀rù rere bà mí, mo sì dá a lóhùn pé mo ti jí.